Ta Ni Ó Jẹ́rìí sí Àlùfáà? Ìtàn Ẹ̀kọ́ Àwọn Òjíṣẹ́ Ìjọ Kristẹni ní Ilẹ̀ Yorùbá, 1827–1979

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá fẹ́ di babaláwo ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ẹni tí yóò jẹ́rìí sí òun. Yóò lọ gbé lọ́dọ̀ olúwo, yóò gbé àpò tẹ̀ lé e kiri, yóò máa kọ́ odù fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àwọn àgbà awo yóò fi jókòó tì í, tí wọn yóò sì sọ pé ó tó gẹ́gẹ́. Ẹ̀rí yẹn kò ti òkè òkun wá. Ẹnu àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ni ó ti jáde. Nígbà tí ẹ̀sìn Kristẹni dé, ọ̀nà mìíràn là. Ẹni tí yóò jẹ àlùfáà ìjọ ní láti wọ ilé-ẹ̀kọ́, kí ó ka ìwé, kí ó yege nínú ìdánwò, kí a sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé dání kò ju méjì lọ: ta ni ó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà, èdè wo ni a sì fi ń kọ́ onítọ̀hún kí ó tó gbà á?

Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ ìtàn ìjọ ní ilẹ̀ wa ni ó máa ń ka iye ilé ìsìn tí a kọ́ àti orúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n jẹ tẹ̀ léra. Wọn kì í sábà wọ inú kíláàsì, bẹ́ẹ̀ inú kíláàsì gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun mìíràn tí ó mú kí ìtàn yìí kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n ni pé fún ohun tí ó ju àádọ́rin ọdún lọ, abẹ́ òrùlé kan náà ni a ti ń kọ́ olùkọ́ àti kátíkíìsì. Ọmọ ìyá kan náà ni ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí àti ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti pín ogún, tí oníkálukú sì ti gba ilé tirẹ̀ lọ.

Orí Ìjọ Ańgílíkà àti Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni a ó gbé ọ̀rọ̀ wa kà jù lọ. A ó dárúkọ Ìjọ Elétò níbi tí ọ̀nà wọn bá ti pàdé tiwọn. Ní ti Ìjọ Àgùdà, ìlànà Róòmù ni ó ń tẹ̀ lé, sẹ́mínárì ńlá tí ó wà ní Bódìjà ní Ìbàdàn sì tó iṣẹ́ ọ̀tọ̀ fún olùwádìí mìíràn.

Kí a tó wọlé, ó yẹ kí a fi etí sí ọ̀rọ̀ náà "àlùfáà" fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá ti gbà á, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gba ìwàásù, wòlíì àti àdúrà. Nígbà tí àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi pe ẹni tí ó ń ṣe ìsìn fún àwọn ènìyàn níwájú Ọlọ́run, orúkọ tí àwọn ará ìlú ti ń pe àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni wọ́n mú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé òfìfo ni ẹ̀sìn Kristẹni bá ní ilẹ̀ Yorùbá ní ti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, kò tíì fi ara balẹ̀ gbọ́ orúkọ tí òun gan-an ń pe òjíṣẹ́ ìjọ òun.

Fourah Bay àti Ìwé Ẹ̀rí Durham

Ikú ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Láti ìgbà tí Ẹgbẹ́ CMS, tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1799, ti bẹ̀rẹ̀ sí rán àwọn òyìnbó ajíhìnrere sí Sàró ni ibà ti ń pa wọ́n ní àpatúnpa. Ó hàn gbangba pé bí iṣẹ́ náà kò bá ní kú, àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni yóò máa ṣe é. Nítorí náà, ní 1827, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Charles Haensel ṣí ilé-ẹ̀kọ́ sí Fourah Bay lẹ́bàá Freetown. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni ó fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ Àjàyí sì wà ní iwájú orúkọ wọn.

Ìtàn Àjàyí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn ológun kó o ní Òṣoògùn ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, níbi tí ó ti gba orúkọ Samuel Crowther. Ohun tí a kì í sábà tẹnu mọ́ ni pé kò pẹ́ tí ó fi di olùkọ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ ni kí ó tó di àlùfáà, àlùfáà ni kí ó tó di bíṣọ́ọ̀bù.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ti yẹpẹrẹ. Edward Jones, ọmọ adúláwọ̀ tí a bí ní Charleston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó sì jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Amherst ní 1826, ni ó ṣe ọ̀gá ibẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Sigismund Koelle, ará Jámánì mìíràn, dé ibẹ̀ ní 1847. Èdè Hébérù ni ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ láti ilé dé ilé ní Freetown tí ó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ìwé tí ó ti inú iṣẹ́ yẹn jáde ní 1854, Polyglotta Africana, kó èdè tí ó ju 100 lọ jọ, àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ro bí ó ti rí: ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹ̀wọ̀n ṣì ní àpá lọ́rùn bàbá rẹ̀ jókòó, ó ń ka Májẹ̀mú Láéláé ní èdè tí a fi kọ ọ́.

Crowther lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní ilé-ẹ̀kọ́ CMS ní Islington ní Lọ́ńdọ̀nù, a sì fi í jẹ díákónì àti àlùfáà ní 1843. Ọdún kan náà ni ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ́kọ́ ṣe jáde. Nígbà tí ó padà sí Freetown, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, àwọn ènìyàn rẹ̀ tí òkun gbé dé ibẹ̀ sì kún inú ilé ìsìn láti gbọ́ ọ. Bí ó ti ń gbàdúrà ni wọ́n ń dá a lóhùn láti ìhà gbogbo pé, "Kí ó ṣẹ." Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ Crowther ní Fourah Bay àti ní Islington, kò sí ẹ̀kọ́ kankan nínú bí a ti í wàásù ní Yorùbá. Ẹnu ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ.

Ní 1876, ohun tuntun ṣẹlẹ̀: Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba Fourah Bay mọ́ra. Láti ìgbà náà ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ti lè jókòó sí Sàró kí ó sì gba oyè yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láì wọ ọkọ̀ ojú omi. Isaac Olúwọlé, tí ó ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School ní Èkó, tí ó sì di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, wà lára àwọn tí wọ́n jẹ èso àǹfààní yìí. A kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wò ó. Ní àkókò tí àwọn kan ní Yúróòpù ń kọ ìwé láti fi hàn pé orí adúláwọ̀ kò lè gba ìwé, ọmọ Yorùbá ń ṣe ìdánwò kan náà pẹ̀lú ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń yege. Ṣùgbọ́n oyè náà ní iye tí a san fún un. Látìnì, Gíríìkì àti ìtàn ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ohun tí a ń kọ́. Yorùbá kò sí níbẹ̀, nítorí pé Durham kò ní ẹni tí ó lè ṣe ìdánwò rẹ̀.

Ohun tí ó dé bá Crowther ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ fi ibi tí ẹ̀rí yìí ti mẹ́hẹ hàn wá. Henry Venn, akọ̀wé Ẹgbẹ́ CMS, gbà pé ìjọ tí ó bá tó ìjọ gbọ́dọ̀ máa ṣe àkóso ara rẹ̀, kí ó máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Òun ni ó ti Crowther lẹ́yìn tí a fi fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Henry Townsend tí ó wà ní Abẹ́òkúta ti ń kọ̀wé láti ọjọ́ pípẹ́ pé kò yẹ kí adúláwọ̀ jẹ olórí fún òyìnbó. Yunifásítì Oxford fi oyè ọ̀mọ̀wé dá Crowther lọ́lá ní ọdún yẹn kan náà. Venn kú ní 1873. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé sí Odò Ọya, wọ́n jókòó ní ìgbìmọ̀, wọ́n sì dá iṣẹ́ dúró lọ́wọ́ àwọn òjíṣẹ́ tí bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ti gbé ọwọ́ lé lórí, lójú bíṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá arúgbó fi ipò sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀, ó sì kú ní ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ọdún 1891. Ẹni tí a fi sí ipò rẹ̀, òyìnbó ni. Ẹni tí ó fi ọwọ́ kan fúnni ní ìwé ẹ̀rí lè fi ọwọ́ kejì gbà á padà. Èyí ni James Johnson ní ìjọ Breadfruit ní Èkó, tí òun náà jáde ní Fourah Bay, rí tí ó fi ń jà títí ó fi kú.

Abẹ́òkúta, Èkó, Ọ̀yọ́: Ilé Kan fún Olùkọ́ àti Kátíkíìsì

Kì í ṣe gbogbo òjíṣẹ́ ni ó gba Sàró kọjá. Daniel Olúbí, tí ó di olórí iṣẹ́ ìjọ ní Ìbàdàn lẹ́yìn tí David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna padà sí ìlú wọn ní 1869, inú ilé àwọn Hinderer ni ó ti kọ́ iṣẹ́. Ó sìn wọ́n, ó bá wọn jẹ ìyà nígbà tí ogun Ìjàyè dí ọ̀nà mọ́ wọn, ó rí bí wọ́n ti ń ṣe, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. A fi í jẹ díákónì ní 1871. Bí a bá fi ojú Yorùbá wò ó, ìkọ́ṣẹ́ ọ̀dọ̀ ọ̀gá nìyẹn, ó sì sún mọ́ ti àwọn awo ju ti Durham lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí CMS dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta wà ní àárín ọ̀nà méjèèjì. Nígbà tí ó wà lábẹ́ G. F. Bühler, ará Jámánì, ní àwọn ọdún 1860, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ níbẹ̀ ni Samuel Johnson, tí ó jáde ní òpin ọdún 1865. Nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní 1867, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde tí wọ́n sì fọ́ ilé ìsìn, ilé-ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Èkó. Ní 1896, ó kó lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì di St. Andrew's College. Àwọn tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni ní Ọ̀yọ́ lónìí mọ ilẹ̀ yẹn dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí a fi orúkọ Emmanuel Aláyàndé pè, tí ó ti di yunifásítì báyìí, ti gbèrú.

Samuel Johnson kò gba oyè yunifásítì kankan. Olùkọ́ àti kátíkíìsì ni ó jẹ́ ní Ìbàdàn, ó di díákónì ní 1880, àlùfáà ní 1888, ó sì wà ní Ọ̀yọ́ títí ó fi kú ní 1901. Òun ni ó ń gbé ìwé àlàáfíà kiri láàárín àwọn ológun nígbà ogun Kírìjí. Àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà tí ó bá jókòó ni ó ti gba ìtàn tí ó parí ní 1897. Iṣẹ́ àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí a fi ránṣẹ́ sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfi ìgbà tí àbúrò rẹ̀ Obadiah, tí ó jẹ́ dókítà, tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Lójú tiwa, kò sí oyè tí Durham fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rúndún yẹn tí ó wúlò fún Yorùbá tó ìwé yìí. Bákan náà ni E. M. Lijadu ní Oǹdó, ajíhìnrere tí ó lọ jókòó ti àwọn babaláwo, tí ó sì tẹ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu wọn jáde ní ìwé Yorùbá. Ó fẹ́ fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ borí tiwọn ni, kò fi èyí pamọ́. Síbẹ̀ ó gbọ́ wọn ní àgbọ́yé kí ó tó dá wọn lóhùn.

Ìgbésí ayé ẹni tí ó bá jáde ní St. Andrew's, tàbí ní Wesley College tí Ìjọ Elétò dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1905, kò ṣòro láti fọkàn yàwòrán. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, olùkọ́ ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi, òun ni ó ń ka ẹ̀kọ́, tí ó ń wàásù, tí ó ń dárí orin. Ọ̀rọ̀ tí ó fi kọ́ ọmọ ní ìwé ABD ní àárọ̀ ni ó fi ń kọ́ àwọn àgbà ní katikísímù ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìwàásù tí ó kún inú ìtàn àròsọ D. O. Fágúnwà. Kí wọ́n rántí pé St. Andrew's ni Fágúnwà ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́.

Ìpínyà dé láti ọwọ́ ìjọba. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1926 pàṣẹ pé kí a forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ kí ó tó lè kọ́ni, ó sì so owó ìrànwọ́ mọ́ ìwọ̀n ìmọ̀ olùkọ́. Àwọn ìjọ ní láti yan. Àwọn Onítẹ̀bọmi gbé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni lọ sí Ìwó ní òpin àwọn ọdún 1930, wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ àlùfáà sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn Ańgílíkà ya Melville Hall sọ́tọ̀ fún àwọn tí yóò jẹ àlùfáà. Ohun tí ó tẹ̀ lé e rọrùn láti rí: olùkọ́ tí ó ní ìwé ẹ̀rí gba owó oṣù tí ìjọba dúró lé lórí, àlùfáà gba ohun tí ìjọ bá rí dá. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé jù nínú kíláàsì mọ ibi tí yóò yà sí. Ní ìpàdé àgbáyé àwọn míṣọ́nnárì tí ó wáyé ní Tambaram ní ilẹ̀ Íńdíà ní 1938, wọ́n jẹ́wọ́ pé ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ ìjọ jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí iṣẹ́ wọn ti kù díẹ̀ káàtó jù lọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ àti Louisville

Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere àkọ́kọ́ tí àwọn Onítẹ̀bọmi Gúúsù Amẹ́ríkà rán sí wa, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850. Ẹgbẹ́ tí ó rán an níṣẹ́ ní ìtàn tí a kò gbọdọ̀ fò kọjá: ní 1845 ni wọ́n ya kúrò lára àwọn ará wọn ní Àríwá, ọ̀ràn ẹrú ni ó sì fà á. Àwọn ará Gúúsù fẹ́ kí ẹni tí ó ní ẹrú lè jẹ́ míṣọ́nnárì. Ní 1859, wọ́n dá sẹ́mínárì sílẹ̀ ní Greenville ní Gúúsù Carolina. Ní 1877, ó kó lọ sí Louisville ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Àwọn olùkọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ó ní ẹrú, iye ẹrú tí gbogbo wọn ní sì ju 50 lọ. Sẹ́mínárì náà fúnra rẹ̀ ni ó tẹ èyí jáde nínú ìròyìn kan ní 1878 ó lé 140, ìyẹn ní 2018.

Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, C. E. Smith bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1898. Ọdún mẹ́wàá péré ṣáájú èyí, ní 1888, ni àwọn ọmọ ìjọ ní Èkó ti bínú jáde lábẹ́ òyìnbó, tí wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, tí D. B. Vincent, ẹni tí ó padà gba orúkọ Mójọlá Àgbébí ní 1894, sì di ọ̀kan nínú àwọn agbẹnusọ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré yìí ni ó dàgbà di Sẹ́mínárì Onítẹ̀bọmi ti ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ọdún 1948 ni ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ní ọdún yẹn, ìjọba dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n so ó mọ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ògbómọ̀ṣọ́ so mọ́ sẹ́mínárì Louisville, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run lórúkọ rẹ̀. Inú àwọn ará dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní Louisville gan-an? Òfin kan tí ìpínlẹ̀ Kentucky ṣe ní 1904 ka á léèwọ̀ kí dúdú àti funfun jókòó pọ̀ nínú kíláàsì kan. Garland Offutt, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí ó kọ́kọ́ gba oyè ìjìnlẹ̀ níbẹ̀ ní 1944, tí ó sì gba ti ọ̀mọ̀wé ní 1948, kò lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó. Ẹ̀yìn kíláàsì, nínú yàrá iṣẹ́ àwọn olùkọ́, ni a ti ń kọ́ irú wọn. Ọdún 1950 ni a tó ṣe àtúnṣe sí òfin náà. Èyí túmọ̀ sí pé ní àkókò tí a so okùn yìí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lè gba ẹ̀rí Louisville ní abẹ́ igi ní ilé, ṣùgbọ́n bí ó bá dé Louisville, òfin kò ní jẹ́ kí ó jókòó sí ibi tí a ti ń fúnni ní ẹ̀rí náà.

A kò sọ èyí láti fi ba iṣẹ́ àwọn òyìnbó tí wọ́n wá sin ara wọn sí Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò fara mọ́ òfin ìlú wọn. A sọ ọ́ nítorí pé ìwé ẹ̀rí kì í sọ gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa ẹni tí ó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò Akínyẹlé

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, àwọn mìíràn ń gba ẹ̀rí níbòmíràn. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, awakọ̀ kátapílà tí ń tẹ ọ̀nà, sọ pé òun gbọ́ ìpè ní 1928. Ní 1930, ní Òkè Oòyè ní Iléṣà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ya lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́rìí sí i. Àwọn tí ara wọn dá ni ó jẹ́rìí.

Ilé kan ní Ìbàdàn fi ọ̀nà méjèèjì hàn. A. B. Akínyẹlé lọ sí Fourah Bay, ó gba oyè Durham, ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn ní 1952. Isaac Babalọlá Akínyẹlé, àbúrò rẹ̀ ọmọ bàbá kan náà, kọ ìtàn Ìbàdàn ní Yorùbá ní 1911, ó di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, ó sì jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964. Ìjọ tí kì í lo oògùn, tí kò sì ka ìwé ẹ̀rí sẹ́mínárì sí ohun tí ó sọni di òjíṣẹ́, ni àbúrò bíṣọ́ọ̀bù darí. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀kan nínú wọn kò mọ Ọlọ́run tàbí kò mọ Ìbàdàn.

Àwọn ìjọ bẹ́ẹ̀ gbòòrò kíákíá, ó sì di dandan kí àwọn ìjọ àtijọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn àlùfáà wọn. Ní ìparí ọdún 1957, nígbà tí ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn míṣọ́nnárì pàdé ní Ghana, wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run: mílíọ̀nù 4 dọ́là, ìdajì láti ọwọ́ Rockefeller, ìdajì láti ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì. Ilé ìkàwé ni púpọ̀ nínú rẹ̀ bá lọ. Ní 1958, àwọn Ańgílíkà àti àwọn Elétò pa ọwọ́ pọ̀ dá Immanuel College sílẹ̀ ní Ìbàdàn.

Idowu, Kato àti Ọ̀rọ̀ Tí Kò Tán

Geoffrey Parrinder ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn ní 1949, ó sì fi ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Áfíríkà sínú rẹ̀. Èyí kò tíì sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ Durham tàbí ti Louisville. Ibẹ̀ ni Bọ́lájí Ìdòwú, àlùfáà Ìjọ Elétò tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, dúró sí tí ó fi kọ ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962 àti èyí tí ó pè fún ìjọ tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ wa ní 1965. Ohun tí ó ń sọ ni pé aṣọ tí a rán fún ẹlòmíràn ni a gbé wọ ìjọ wa, àti pé Ọlọ́run tí Yorùbá ń pè ní Olódùmarè kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí Bíbélì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí ó dá a lóhùn kíkankíkan jù, ilẹ̀ Ìgbómìnà ni ó ti kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́. Byang Kato, ọmọ Kwoi, wọ ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Ìgbájà ní 1955, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Dallas, ó sì tẹ ìwé Theological Pitfalls in Africa jáde ní 1975. Ó fi ẹ̀sùn kan Ìdòwú àti John Mbiti ará Kenya pé wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn fún àmúlùmálà ẹ̀sìn. Ọdún yẹn kò tíì parí tí omi òkun fi gbé e lọ ní Mombasa. Ọmọ ọdún 39 ni. Àwọn kan máa ń pín wọn sí ọ̀tá méjì. A kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń béèrè: kí ọmọ Áfíríkà fúnra rẹ̀ kọ ìwé tí a ó fi kọ́ àlùfáà Áfíríkà. Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe àyẹ̀wò àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run ní Áfíríkà, ACTEA, tí a dá sílẹ̀ ní 1976, èrò Kato ni ó bí i. Ẹ̀rí bẹ̀rẹ̀ sí ti ilẹ̀ yìí wá. Ní 1979, Osadolor Imasogie di ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí sẹ́mínárì Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún 81 lẹ́yìn tí Smith jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní ti èdè, ọ̀rọ̀ kò yí padà bẹ́ẹ̀. Ní àwọn kíláàsì kéékèèké tí a ti ń kọ́ kátíkíìsì àti àwọn oníwàásù ìgbèríko, Yorùbá ni a ń lò. Bí ipò ẹ̀kọ́ bá ṣe ń ga sí i ni Yorùbá ń dínkù, títí yóò fi kù sí ibi orin àti àdúrà àárọ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá ń gba oyè ìjìnlẹ̀ ń kọ́ Hébérù àti Gíríìkì, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ètùtù. Òun ni àwọn atúmọ̀ Bíbélì lò fún ohun tí ikú Jésù ṣe fún ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu Yorùbá kí Bíbélì tó dé; ẹni tí ó ń tu òrìṣà lójú mọ ohun tí a fi ń ṣe é, ìgbà tí a ń ṣe é, àti ẹni tí ó ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́mínárì lè kọ ìwé ogójì ojú ewé lórí rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sọ èrò Anselm àti ti Calvin láì fi ọ̀kan sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, yóò dìde níwájú àwọn ìyá àgbà ní abúlé, yóò ṣí Bíbélì Yorùbá, yóò sì pe ètùtù. Ohun tí àwọn ìyá yẹn gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí ẹni tí ó bi í nínú ìdánwò.